Jethro Àkàngbé Ọláṣùpọ̀ (1929–1979), Ẹni Tí Ó Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Ya Ẹnu Omi

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sókè nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sórí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ẹni tí ó jókòó tì yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ká ìwé náà, ẹ fi sápò, ẹ bá ẹbí kọrin. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ẹbí ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òtítọ́ díẹ̀ sì lè kó bá ènìyàn ju irọ́ púpọ̀ lọ.

A bí Olóògbé Jethro Àkàngbé Ọláṣùpọ̀ ní agbo ilé Alápó, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọdún 1929. Oṣù tí a bí i kò dájú. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà ọyẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ní rárá, pé òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹbí kò fẹ́ kọ ohun tí kò mọ̀, nítorí náà ọdún nìkan ni ẹ rí yìí. Bàbá rẹ̀ ni Gideon Ọláṣùpọ̀, tí ń fín igbá. Ìyá rẹ̀ ni Àṣàbí, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kéré, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì ti sùn. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Jethro sì ni ìkẹta. Kí Gideon tó fi ọ̀bẹ kan igbá, okùn ni yóò kọ́kọ́ fi wọn àyíká rẹ̀, yóò ká okùn náà sí méjì, yóò tún ká a sí mẹ́rin. Jethro ni ó máa ń di orí okùn náà mú.

Ó wọ ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1937, ó sì ka ìwé mẹ́fà jáde ní 1945. Kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni apá bàbá ká láti rán síwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì lọ. Olóògbé kò bínú sí i rí. Ó kéré tán, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 1946, ó gun ọkọ̀ akẹ́rù dé Ìbàdàn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ìddó, ó sì dé sọ́dọ̀ ìbátan bàbá rẹ̀ kan ní Ijora. Ẹrù ni ó kọ́kọ́ ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí tí ó wà lẹ́bàá ojú irin. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, wọ́n sì fún un ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kí ó máa kun àmì sára àpótí: ife fún ohun tí ó lè fọ́, agboòrùn fún ohun tí omi kò gbọdọ̀ kàn. Àwọn alábàárù tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ife Jethro. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á rọra gbé àpótí náà sọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé níbẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé àwòrán a máa pàṣẹ fún ènìyàn. Ní 1951, wọ́n gbé e wọ yàrá àwọn tí ń ya àwòrán ilé àti ilẹ̀. Rúlà, pẹ́ńsù àti yíǹkì di iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1956, ó gbé Caroline Abọ́sẹ̀dé níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Yaba. Tíṣà ni bàbá ìyàwó, tíṣà tí ń na ọmọ ẹlòmíràn àti tirẹ̀. Ọjọ́ tí Jethro kọ́kọ́ wọlé, bàbá bi í pé, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Jethro ní, "Mò ń fa ìlà, sà."

"Mo ní iṣẹ́ wo lò ń ṣe."

"Ìlà náà ni, sà."

Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Títí di ìgbà wo lènìyàn lè fa ìlà?"

Ó fà á fún ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n láti 1951. Bàbá ìyàwó wà láyé títí ó fi mọ̀ pé ọwọ́ àna òun kò rẹ̀.

Ní ọdún 1958, tọkọtaya náà kó lọ sí yàrá méjì ní Mushin, ní àdúgbò kan lẹ́yìn òpópónà Ládìpọ̀. Títí di òní, ibẹ̀ ni ilé wọn. Abọ́sẹ̀dé ń ránṣọ níwájú ilé, olóògbé ń jáde láàárọ̀. Ó jẹ́ olùtọ́jú ìjókòó nínú ìjọ, òun ni ó sì máa ń ya àwòrán ìtàn Bíbélì sórí bébà ńlá fún àwọn ọmọ Sánńdè-sùkúù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Mushin, ó sì ya àwòrán gọ́tà tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ní 1966. Kò ní ọ̀tá. Ẹbí fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ní ọdún 1971, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní apá Yaba. Ẹbí kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti ka ohun tí ó wà ní ìlú: ilé, ọ̀nà, ẹnu omi tí ará ìlú ń ṣí pọn, kí wọ́n sì ya iye rẹ̀ ní àwòrán, kí àwọn àgbààgbà tí kò ráàyè ka ìwé lè rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí ó kún yàrá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ká ìwé sí bí ẹni ká ẹní, kálámù kan sì ń rìn lórí ìwé náà láìsí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀. Káàdì líle tí a lu ihò sí ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Káàdì kan, àṣẹ kan. Sọ kálámù kalẹ̀. Fà á dé ibí. Gbé e sókè.

Ṣítù ni orúkọ ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ọmọ Mushin bíi tirẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ti wí fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Ó tóbi lásán ni. Ìlà tààrà nìkan ló mọ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ òbìrìkìtì pàápàá. Ìlà kéékèèké mẹ́rìndínlógójì ni ó máa ń fà yíká, tí ojú ènìyàn yóò fi gbà á sí òbìrìkìtì. Bẹ́ẹ̀ ni olóògbé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹnu omi jọ. Ọ̀pá gígùn kan, onígun mẹ́rin. Ẹnu tí ó tẹ̀ wá sílẹ̀, ìlàjì òbìrìkìtì. Ọwọ́ ìṣí lórí rẹ̀, ìlà kan ní ìbú. Ẹ̀kán omi kan nísàlẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin, káàdì mọ́kàndínlógójì.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ yà á, ó dára. Nígbà tí ó ní kí ẹ̀rọ yà á sí ibòmíràn lórí ìwé, ọ̀pá lọ, ẹnu lọ, ọwọ́ ìṣí dúró síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ṣítù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹnu omi yín kó ilé, ó gbàgbé orí ẹ̀ sílé àtijọ́!" Olóògbé kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rí i: láti igun ìwé ni ó ti ń wọn ọwọ́ ìṣí náà, kì í ṣe láti ìdí ẹnu omi fúnra rẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Láti ìgbà náà, ibi tí ìdí bá dúró sí ni gbogbo ẹ̀yà ń tọ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó fún gbogbo rẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo, kí ó má baà máa tò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó ní bí a bá pe ọmọ lórúkọ, tòun ti orí tòun ti ẹsẹ̀ ni ó ń dìde. A kì í pe orí lọ́tọ̀ ká tún pe ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ó pe orúkọ, kí ó sọ ibi tí yóò dúró, kí ó sọ bí yóò ti tóbi tó, ó tán. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni ó fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gba orúkọ tí ó ju lẹ́tà mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó di ABOSED. Nígbà tí ó sọ ọ́ nílé, Abọ́sẹ̀dé gbé aṣọ tí ó ń rán sílẹ̀.

"Ta ló gé mi nídìí?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ sọ fún ẹ̀rọ kó wá gé e lójú mi."

Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé náà nígbà kan. Ó yẹ kí a kọ ọ́.

Ní ọdún 1974 ni ọ̀ràn tí ẹbí ń yẹra fún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ẹnu omi tí ó wà ní Mushin. Ní 1970, ogójì ni. Ní 1974, ó di ọgọ́fà, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n ní kí olóògbé yà á. Ó pe ABOSED lẹ́ẹ̀mejì. Fún 1970, ó kọ nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ ní ọ̀kan. Fún 1974, ó kọ mẹ́ta. Kálámù rìn, ó ya ẹnu omi kékeré kan, ó ya èyí tí ó tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n fi gíláàsì bo ọ̀kan, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ìpàdé. Gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni ó ń sọ pé, "Ẹ wo omi ní Mushin!" Páìpù tí wọ́n ti pinnu láti rì sí àwọn àdúgbò ẹ̀yìn, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn tí ó ṣe aláìní jù, wọ́n ní. Olóògbé gbọ́. Òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1975 le. Abọ́sẹ̀dé àti Adéfúnmiláyọ̀, àkọ́bí wọn, ń rin ìrìn wákàtí kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú kí wọ́n tó rí omi pọn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó sọ korobá kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá Fúnmi, omi tí ẹ̀yin fi gíláàsì bò yẹn, ẹ bá mi bu díẹ̀ wá."

Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́dún náà kan náà, wọ́n ń retí àwọn tí yóò wá tọrọ Adéfúnmiláyọ̀. Àrìnpé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń hun ẹní ní ojúlé kẹta sí wọn, ni olóògbé lọ bá. Ó na ìka sí ẹní kan níwájú rẹ̀. "Irú eléyìí ni kí o hun fún mi fún pálọ̀. Kí ó gùn ní ìlọ́po méjì, kí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì."

Àrìnpé ní, "Ẹní mẹ́rin. Ẹ máa fún mi láyè o."

"Mi ò sọ mẹ́rin. Ìlọ́po méjì ni mo sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin lẹ sọ."

"Ìlọ́po méjì, Àrìnpé!"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ya ayé! Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó tẹ́ ẹní méjì sílẹ̀ ní orí-sí-ìdí. Ó tẹ́ méjì mìíràn tì wọ́n. "Ó gùn ní ìlọ́po méjì àbí kò gùn? Ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àbí kò fẹ̀? Ẹ wá ka koríko tó máa lọ sí i fún mi. Ẹní kan lẹ rí, iṣẹ́ mẹ́rin lẹ bẹ̀ mí."

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé olóògbé dúró wo ẹní mẹ́rin náà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè. Àrìnpé rò pé ó bínú ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Kò bínú. Ó ń ṣírò. Bí méjì gígùn àti méjì ìbú bá di mẹ́rin, mẹ́ta gígùn àti mẹ́ta ìbú ń kọ́? Mẹ́sàn-án ni. Ẹnu omi pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta ní Mushin. Èyí tí ó yà fún gbogbo ìlú rí, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé rúlà lé àwòrán náà níwájú Ṣítù. Ṣítù wò ó, ó súfèé. "Nọ́ńbà kan lẹ kọ, ẹ̀gbọ́n. Ibi méjì ló lọ. Ó lọ sókè, ó lọ sí ìbú."

"Ẹ̀rọ ló purọ́?"

"Ẹ̀rọ ò gbọ́n débi irọ́. Ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe ló ṣe."

Ènìyàn mìíràn ì bá dákẹ́. Ẹbí ti bá ara wọn sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bóyá ì bá dára kí ó dákẹ́. Àṣìṣe náà kò hàn. Kò sí ẹni tí ó bi í. Ó ní ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ó ń kọjá lára àwọn obìnrin Mushin tí ń gbé korobá lọ sí Ìlúpéjú, lójoojúmọ́ ni ó sì ń wọlé bá ẹnu omi ńlá náà nínú gíláàsì.

Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ya òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fẹ ẹnu omi kankan lójú. Gbogbo wọn jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún mẹ́wàá. Mẹ́rin fún 1970, méjìlá fún 1974. Kò sì tò wọ́n sórí ìlà lásán. Ó ní kí ẹ̀rọ fi ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan lélẹ̀ níbi tí mẹ́wàá tí ó dúró fún wà gan-an lórí àwòrán ilẹ̀ Mushin. Nígbà tí kálámù dúró, mẹ́sàn-án nínú méjìlá wà lẹ́bàá òpópónà ńlá, níbi tí ọkọ̀ àwọn àgbà ń gbà. Mẹ́ta péré ni ó wà fún gbogbo àdúgbò ẹ̀yìn. Ṣítù kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa eléyìí ya." Olóògbé mú kálámù ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Àwòrán ti ìṣáájú ṣì. Èmi ni mo ṣì í. J. A. Ọláṣùpọ̀.

Ọ̀gá pè é ní oṣù Kẹta ọdún 1976. Àwòrán náà wà lórí tábìlì. Ẹbí yóò sọ ohun tí olóògbé sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kì yóò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Ọ̀gá ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo ṣe àṣìṣe ni, mo ń tún un ṣe."

"Àwòrán àkọ́kọ́, iye tó wà lábẹ́ ẹ̀, ṣé irọ́ ni?"

"Iye náà jóòótọ́, sà. Àwòrán ló pọ̀ ju iye lọ."

"Àwọn tó wò ó, ṣé wọn ò mọ ìwé kà ni?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n kà, sà. Ojú ló kọ́kọ́ ń wò kó tó kà."

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ti ìwé kan sí i, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé àwòrán tuntun náà ni àṣìṣe, pé J. A. Ọláṣùpọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ, pé ti àkọ́kọ́ ni ó péye. Kí ó fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó mọ ọ̀nà ilé.

Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n láti Ijora gbọ̀n ní ọjọ́ mẹ́ta náà. Abọ́sẹ̀dé ni ó là á yé e níkẹyìn, lórí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tí kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ṣé omi máa dé?"

"Rárá."

"Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ṣé omi máa dé?"

"Bóyá kò ní í dé náà."

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Omi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́, Bàbá Fúnmi. Orúkọ yín nìkan ló kù níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Abọ́sẹ̀dé."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹun."

Kò fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1976, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún aráyé ni pé ó ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi rìn dé Mushin, ó ti di pé ó ba ẹ̀rọ ìjọba jẹ́. Nígbà tí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ó ti di pé òun ni kò jẹ́ kí omi wá. Obìnrin kan sọ ọ́ sí Abọ́sẹ̀dé lójú. Nínú ìjọ, wọ́n ní kí olóògbé fi iṣẹ́ olùtọ́jú ìjókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, wọ́n ní. Ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Kò pa Sánńdè kan jẹ.

Láti ọdún 1977, ó ń kọ́ àwọn tíṣà ní ilé ìwé kan ní Surulere bí a ṣe ń ya iye ní àwòrán sójú pátákó: iye ọmọ tí ó wá, iye òjò tí ó rọ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹfun nìkan ni. Ìkọ́ni kan ni gbogbo wọn ń rántí. Ó ní bí nǹkan bá pọ̀ sí i, ẹ tò ó ní púpọ̀. Ẹ má ṣe fẹ ẹyọ kan lójú. Tíṣà kan níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mobọ́lájí, sọ fún ẹbí pé ó máa ń pa àwòrán tirẹ̀ rẹ́ níwájú gbogbo wọn bí ó bá rí i pé ó ṣì, tí yóò sì sọ ohun tí ó ṣì níbẹ̀ sókè. Kò ní ìtìjú rẹ̀. Àwọn tíṣà ni ojú ń tì fún un.

Ní ìparí ọdún 1978, wọ́n ri ẹnu omi méjì sí òpin àdúgbò wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀. Ẹbí kò sọ pé nítorí olóògbé ni. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ wò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí wọn, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi bọ́jú, ó bọ̀ wálé, ó ní wọ́n ri ọ̀kan wọ́.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru mú un ní oṣù Kìíní ọdún yìí. Ó jáde láyé ní òwúrọ̀ Sánńdè, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 1979, lẹ́yìn tí ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tán, tí ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀: ìyàwó rẹ̀, Caroline Abọ́sẹ̀dé, àwọn ọmọ rẹ̀, Adéfúnmiláyọ̀, Theophilus, Gertrude àti Àràmídé, ọmọ-ọmọ méjì, Ethel àti Christopher, tí èyí àbúrò kò tíì rìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ìbátan ní agbo ilé Alápó, àti àwọn tíṣà rẹ̀ ní Surulere, tí wọ́n ní kí a ka àwọn mọ́ ọmọ.

Ó ku ohun kan. Ẹbí jiyàn lé e lórí kí a tó kọ ọ́. Ní ọjọ́rú tí ó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ kóòtù wá sí ilé ní Mushin. Wọ́n kí opó dáadáa, wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹbí ń kọ ìtàn bàbá. Wọ́n ní ohun rere ni. Wọ́n kàn ní kí ẹbí fi gbólóhùn kan síbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo, pé ara bàbá kò yá ní ọdún 1976, pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì rí ojú rere níbi iṣẹ́.

Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ kọ ọ́. Ẹ má bínú sí wọn. Gbólóhùn kan kò tóbi, ẹ̀rù sì tóbi.

Abọ́sẹ̀dé dìde, ó bu omi wá fún àwọn àlejò náà nínú ife méjì. Ó dúró títí wọ́n fi mu ún. Ó wá ní, "Ara ọkọ mi le koko nígbà tó yà á."

Àgbà inú wọn ní, "Màmá, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún rí àwòrán yẹn? Ta ló ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́?"

Ó gba ife lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé ó fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ilé níbí?"

Kò dáhùn.

"Màmá, nítorí àwọn ọmọ ni a ṣe ń bi yín."

Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ki aṣọ dúdú tí ó ń rán fún ìsìnkú bọ̀ ọ́, ó ń rán an lọ. Wọ́n dúró fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì lọ.

Nítorí náà, gbólóhùn yẹn kò sí nínú ìwé yìí.

Jethro, ọmọ Gideon, ọmọ Àṣàbí, ọ̀nà ilé tọ́ níwájú rẹ. Má wẹ̀yìn wò nítorí wa. Kí ilẹ̀ Mushin tí o yà rọ̀ lára rẹ, kí Ọlọ́run tí ó mọ ìwọ̀n ohun gbogbo gbà ọ́ bí o ti rí. Sùn ní ìrọ̀rùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè lórí ohun tí ó wà nínú ìwé yìí, kí ó má bi opó. Ó ní òun ti sọ tòun.